Ṣé ó yẹ ká kó owó kajú lé ẹ̀rọ awárin?

Nígbà tí kíká kajú ń parí lọ lọ́dún yìí, àbúrò mi kan pè mí láti Ṣábẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín." Ó ní òun rí ẹ̀rọ kan lórí fóònù, èyí tí wọ́n fi ń wá wúrà àti irin nínú ilẹ̀, 1,200,000 sẹ́fà ni wọ́n ń tà á. Owó kajú wà lọ́wọ́ òun, díẹ̀ ló kù kó pé. Ẹni tó ń tà á sì ti ṣàlàyé fún un pé bí ẹ̀rọ bá ṣe wọ́n tó ni ó ṣe ń gbọ́ jìnnà tó nínú ilẹ̀.

N kò fi í rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe òun nìkan ló ń béèrè. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti ń tún rédíò àti áńpù ṣe, wọ́n sì máa ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá fún mi nígbà tí òjò bá ti wọ inú rẹ̀ tàbí tí wáyà ìdí rẹ̀ bá já. Àwọn ọmọ tó lọ sílé ìwé Faransé ń pè é ní détecteur. Ẹ̀rọ awárin ni èmi máa pè é. Mo ti tú wọn wò, olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi, mo sì fẹ́ sọ ohun tí owó ń rà nínú wọn àti ohun tí kò lè rà. Ohun tí ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á sọ fún àbúrò mi, irọ́ ni. Ó fi òótọ́ díẹ̀ lọ́ ọ ni.

Ẹ wo ìdí ẹ̀rọ náà. Abọ́ pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Wáyà bàbà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a róbótó lọ́nà méjì: ọ̀kan ń pe, èkejì ń tẹ́tí. Iná tó ń yí padà síwá sẹ́yìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń gba inú wáyà àkọ́kọ́, agbára òòfà rẹ̀ á sì wọlẹ̀. Bí ó bá bá irin, bàbà, fàdákà tàbí wúrà pàdé, ó máa jí iná kékeré kan dìde nínú ohun náà fúnra rẹ̀. Iná kékeré yìí náà ní òòfà tirẹ̀. Òun ni wáyà kejì ń gbọ́, tí ẹ̀rọ á fi ké.

Ìdáhùn yìí kì í yára bákan náà. Ti fàdákà ńlá máa ń falẹ̀ ju ti bébà dídán inú páálí sìgá lọ, ti irin dúdú tún ní ìṣe tirẹ̀. Ẹ̀rọ á wọn ìfàsẹ́yìn náà, á sọ ọ́ di nọ́ńbà tàbí di ohùn, ohùn òkè fún èyí, ohùn ìsàlẹ̀ fún ìyẹn. Ẹni tó bá mọ gángan gbọ́ á tètè lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀rọ náà kò mọ wúrà. Bí iná ṣe ń rìn nínú ohun kan àti bí ohun náà ṣe tóbi tó nìkan ló mọ̀. Òrùka wúrà tín-ín-rín àti ìdè tí a fi ń ṣí agolo ọtí lè ní nọ́ńbà kan náà, láìka iye tí ẹ ra ẹ̀rọ sí. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ tòun ń ya wúrà sọ́tọ̀ kúrò lára pàǹtírí, ẹ bi í pé kí ló fi ń yà á.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí jíjìn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Òòfà tó wọlẹ̀ ń rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ìdáhùn tó ń bọ̀ padà náà ń rẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń rẹ̀, lílọ àti bíbọ̀. Nítorí náà, bí ohun kékeré kan bá ti jìnnà sí abọ́ dáadáa ju bí abọ́ náà ṣe fẹ̀ lọ, tí ẹ wá sọ ìjìnnà yẹn di ìlọ́po méjì, ohùn tó ń padà wá á dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú 64. Ìdá kan nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Ẹ̀rọ tó bá ń gbọ́ owó wẹ́wẹ́ ní 20 sẹ̀ǹtímítà, kó tó lè gbọ́ ọ ní 40, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Kò sí owó tí ẹ lè san tó máa ra irú etí bẹ́ẹ̀. Nínú ilẹ̀ tó dára, ẹ̀rọ 200,000 sẹ́fà lè gbọ́ owó wẹ́wẹ́ ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tó tó 700,000 lè bá a dé 25, bóyá 30. Ohun tí owó tó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ fi kún un kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ará Kétu tó ti fa omi kànga rí mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jíjìn. Èyí kì í ṣe é.

Wọ́n lè sọ pé kí ẹ ra abọ́ tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé abọ́ ńlá ń gbọ́ ìkòkò irin tàbí garawa tó jìn. Ṣùgbọ́n ó máa ń fo ohun kékeré dá, ó sì ń gbọ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jù.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́. Ibí yìí ni òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni yẹn wà. Láti Àjàṣẹ́ lọ sí Sákétẹ́ títí dé Kétu, ilẹ̀ pupa ni, yangí sì wà ní ibi púpọ̀. Kí ló ń mú yangí pọ́n? Irin ni. Irin tó ti dógùn-ún sínú òkúta àti erùpẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń dá òòfà lóhùn bí ìgbà tí èèyàn sin nǹkan síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún pápá oko ilẹ̀ Yúróòpù, tí ẹ bá gbé e sórí yangí, á máa pariwo níbi tí kò sí nǹkan kan, tàbí kó dákẹ́ lórí ohun tó wà ní 10 sẹ̀ǹtímítà péré. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ lè kọ́ ohùn ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kó sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ máa gbé abọ́ náà sókè sódò lórí ilẹ̀ tí kò ní nǹkan nínú nígbà mélòó kan, ẹ̀rọ á fi etí bá a dọ́gba. Nínú àwọn ẹ̀rọ tó kéré jù lówó, ilé iṣẹ́ ti fi ìdọ́gba yìí sójú kan, kò ṣeé yí. Garrett ACE 250 tó pọ̀ kiri ayé rí bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tó ga jù ú díẹ̀, ó ṣeé yí. Tí mo bá fẹ́ fi sẹ́fà kan kún owó ẹ̀rọ ní Kétu, orí ìyẹn ni mo máa fi í lé, kì í ṣe orí jíjìn.

Irú ẹ̀rọ mìíràn tún wà tí kì í pè léraléra. Ó máa ń ju òòfà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, á wá tẹ́tí sí ohun tó ń kú lọ lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni àwọn awawúrà ilẹ̀ Ọsirélíà ń lò lórí ilẹ̀ pupa tiwọn, yangí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Ìyẹn ni ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ ń lọ sí 6,000 yúrò. Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà láti 1999, nítorí náà ìyẹn súnmọ́ 3,936,000 sẹ́fà, kí ẹ tó kan àwọn dúáànù ní Kùtọnu. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní Benin láti 2023 jẹ́ 52,000. Ẹni tó ń gba ìyẹn á fi ju oṣù 75 lọ ṣiṣẹ́ láìjẹ láìmu. Kí ló sì burú nínú ẹ̀rọ náà? Kò mọ irin dúdú yà sọ́tọ̀ dáadáa. Ìṣó ni o, wúrà ni o, wíwà ni ẹ máa wà á. Ní aṣálẹ̀ tí ènìyàn kò gbé rí, kò burú. Ní ẹ̀yìnkùlé ilẹ̀ wa, ẹ máa wà títí ẹ̀yìn yín á fi kán.

Torí pé irin ló kún ilẹ̀ wa. Ìṣó páànù, ìdérí ìgò, agolo sadíìnì, bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti jẹrà. Lábẹ́ àwọn yẹn, níbi tí àgbẹ̀dẹ ti ń ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́, ìdàrọ́, ìdọ̀tí irin tó yọ́ nínú iná, ló wà níbẹ̀ wìtìwìtì. Ibi tí ogunlọ́gọ̀ ohùn bá ti ń ké lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n pàápàá máa ń dàrú. Ní Oṣù Keje 1881, wọ́n yìnbọn lu James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà. Alexander Graham Bell, ẹni tí a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, ṣe ẹ̀rọ kan láti fi wá ọta tó wà nínú ara rẹ̀. Níbòmíràn ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Lórí ibùsùn ààrẹ, ariwo ló ń pa, torí wáyà irin ló wà nínú mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n tẹ́ ẹ lé. Dókítà tún ní apá ọ̀tún nìkan ni kó wá, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta náà wà. Ààrẹ kú ní Oṣù Kẹsàn-án. Mo máa ń rántí mátírẹ́ẹ̀sì yẹn nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ń sọ fún mi pé ẹ̀rọ òun ń ké láìdákẹ́.

Níbi irú ariwo bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ àárín máa ń ju ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ lọ ní tòótọ́. Ó ń tètè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣó kan kó tó gbọ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi oríṣiríṣi ìpè, èyí tó falẹ̀ àti èyí tó yára, pe ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá fi àwọn ìdáhùn wé ara wọn. Owó ńlá ni ìyẹn tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Minelab ti gbé ẹ̀rọ Equinox jáde ní 2018 àti Vanquish tó rọjú ju ú lọ ní 2019, iye rẹ̀ ti wálẹ̀, àwọn ará Tọ́kì tó ń ṣe Nokta náà ò sì jẹ́ kó dìde mọ́. Láàárín 200,000 sí 450,000 sẹ́fà, ẹ ti ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ìmọ̀ ẹ̀rọ lè ṣe fún ẹni tí kì í ṣe awawúrà. Ohun tó wà lókè ìyẹn, ìrọ̀rùn ni: kò wúwo, kò ní wáyà, ó ń wọ omi. Ó dára fún ẹni tí ọwọ́ ń dùn.

Mo ní láti yà bàrà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan gbé àpótí dúdú kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, aṣọ inú rẹ̀ dára bí aṣọ ọba. Irin méjì ló yọ níwájú rẹ̀ bí eríàlì rédíò. Wọ́n ní ó ń rí wúrà láti ibi tó jìn tó kìlómítà kan, ó kàn ń yí orí sí ibi tí wúrà wà ni. Ó ti dákẹ́, ó fẹ́ kí n tún un ṣe. Mo tú u. Bátìrì wà níbẹ̀, iná pupa kan àti aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀. Eríàlì méjèèjì kò so mọ́ nǹkan kan. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀kejì torí ojú bàbá náà. Kò so mọ́ nǹkan kan. Owó tó san, n kò lè kọ ọ́ síbí.

Kì í ṣe òun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. James McCormick, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta irú rẹ̀ fún ìjọba Iráàkì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tó ń rí bọ́ǹbù, ó pè é ní ADE 651. Àpẹẹrẹ ohun ìṣeré tí wọ́n fi ń wá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ló gbé e kà. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 2013. Bí àwọn ọmọ ogun bá lè kó sí i, kí bàbá wa má dárò jù. Ẹ̀rọ awárin tòótọ́ máa ń ní abọ́ tàbí wáyà kíká, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an ló sì ń gbọ́. Èyíkéyìí tó bá ń nawọ́ sí òkèèrè, ẹ yẹra fún un.

Ó wá ku ìbéèrè tí kò sí lára páálí ẹ̀rọ: kí ló tiẹ̀ wà nínú ilẹ̀ wa? Àwọn fídíò tí àwọn ọmọ ń wò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, níbi tí owó wúrà àti fàdákà ti ń bọ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí 2,000 ọdún. Ní abúlé Hoxne, ní Oṣù Kọkànlá 1992, òòlù àgbẹ̀ kan sọnù sóko, ó bẹ Eric Lawes ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun wá a. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ta Lawes lọ́rẹ nígbà ìfẹ̀yìntì ló gbé wá. Owó ayé Róòmù tó lé ní 14,000 ló bá, wúrà àti fàdákà, 1,750,000 pọ́n-ùn ni ìjọba sì san. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú, ó wà ní British Museum báyìí. Ìdí tí wọ́n fi rí i ni pé ó wà níbẹ̀, tí ẹnì kan sì tẹsẹ̀ gba ibẹ̀.

Ní tiwa, nígbà tí ogun Dàhòmì kó Kétu ní 1886, títí àwọn tó ṣẹ́ kù fi padà wálé ní 1894, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ri ohun ìní wọn mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gba èyí gbọ́ gan-an, n kò sì ní jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni ohun ìní náà? Owó ẹyọ. Ẹgbàá, ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá owó ẹyọ nínú ìkòkò amọ̀. Karawun ẹran inú òkun ni owó ẹyọ, iná kò lè rìn nínú rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ mílíọ̀nù mẹ́rin sórí ọ̀kẹ́ ọgọ́rùn-ún owó ẹyọ, kò ní dún. Iyùn kò ní dún, sẹ̀gi kò ní dún, ìkòkò kò ní dún. Ohun tó máa dún ni ọkọ́ àti ìdàrọ́. Ní ti wúrà, apá Atákórà ni ti Benin tí gbogbo èèyàn mọ̀ wà, lẹ́bàá odò Perma, omi àti àwo sì ni àwọn tó wà níbẹ̀ fi ń fọ̀ ọ́, torí pé ẹ̀rọ kì í gbọ́ wúrà tó lẹ́bú bí ìyẹ̀fun.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin 2007 tó ń dáàbò bo ohun àjogúnbá Benin, tí wọ́n tún ṣe ní 2021, kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ, ohun tí ẹ bá sì ṣèèṣì rí, ìjọba gbọ́dọ̀ gbọ́. Ọdún 2021 náà ni Faransé dá ohun ààfin Abomey 26 tí àwọn ọmọ ogun wọn kó ní 1892 padà. Ẹ má gbé ẹ̀rọ lọ sí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ibodè àtijọ́ Kétu.

Ta ni ó wá yẹ fún? Ẹni tó ń bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ṣiṣẹ́, tó ń wá òkúta ààlà tí irin wà nínú rẹ̀, tí koríko ti bò. Ẹni tó ń bá èèyàn wá òrùka tó já bọ́ sínú iyanrìn etíkun Sẹ̀mẹ̀, tó sì ń gbowó iṣẹ́. Ẹni tó kàn fẹ́ràn rẹ̀, tó mọ̀ pé owó fàájì ni. Fún àwọn yìí, ẹ̀rọ àárín ti tó, pàápàá àlòkù tí ẹ dán wò kí ẹ tó sanwó. Káfíńtà tó ń wá ìṣó tó dà sílẹ̀ kò nílò rẹ̀ rárá: òòfà ìdí sípíkà tó ti kú, tí a so okùn mọ́, ó tó. Mo ní wọn lábẹ́ tábìlì.

Dídánwò kò le. Ẹ ri owó 25 sẹ́fà mọ́ ilẹ̀ tiyín, kì í ṣe ilẹ̀ ẹni tó ń tà á, ní 10, 20 àti 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ri ìṣó páànù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 10. Bí ẹ̀rọ olówó gọbọi àti ti olówó pọ́ọ́kú bá gbọ́ ohun kan náà, ẹ ti mọ èyí tí ẹ máa gbé lọ sílé.

Àbúrò mi wá sí Kétu lọ́jọ́ Àìkú kan. A yá ẹ̀rọ tí kò tó 200,000 lọ́wọ́ bíríkìlà kan, a sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé màmá wa níbi tí ó fẹ́ gbin gbọ̀rọ̀ sí. Kí oòrùn tó kàtàrí, a ti gbẹ́ ihò 31. Ìṣó, ìdérí ìgò, ìdàrọ́ méjì, orí ọkọ́ kan tí màmá mọ ẹni tó ni ín. Nínú ihò kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó tó ké pè wá, owó ẹyọ méjì wà níbẹ̀, wọ́n ti lu ẹ̀yìn wọn kí okùn lè gbà á kọjá. Àbúrò mi tò wọ́n sórí koríko, ó gbé abọ́ náà kọjá lórí wọn. Ó tún gbé e kọjá. Ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ.

Màmá ló gba owó ẹyọ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì so wọ́n mọ́ etí ìró. Owó kajú ṣì wà nílẹ̀ títí di àná tí a sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnì kan ń ta ẹ̀rọ tó ń fọ́ èèpo kajú, pé ṣé mo lè bá òun wò ó. Mo ní kó gbé fọ́tò inú rẹ̀ wá, kì í ṣe ti ìta.